Ìgbì Òkun ní Bódìjà

Fadékẹ́mi gbé abọ́ ìwẹ̀ oníke kan sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó bu omi sí i dé ìdajì, ó sì jókòó tì í lórí àpótí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti omi náà láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó jẹ́ kó lọ, ó jẹ́ kó bọ̀, ó tún tì í. Nígbà tó bá kánjú tì í, omi á kàn dàrú, á sì rọlẹ̀. Nígbà tó bá dúró dè é títí tó fi padà kan ọwọ́ rẹ̀, tó wá tì í nígbà náà gan-an, omi á ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tì í bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, omi sì fò kọjá etí abọ́, ó dà sí i lẹ́sẹ̀.

Àmínà, ọmọbìnrin tó ń ta ọtí níbẹ̀, bi í láti ìdí káńtà pé ṣé abọ́ náà ń jò ni.

"Kò jò. Mò ń wo bí omi ṣe ń rìn ni."

"Ẹ̀yin náà ti ń rí omi tó ń rìn, Ìyá Ìrẹ̀mídé? Ibí yìí ti fẹ́ ràn yín o."

Bódìjà ni ibi tí wọ́n wà yìí. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni Ọ́ṣíàn Fíù, ìyẹn ni pé ibi tí ènìyàn ti lè máa wo òkun. Ẹni tó bá fẹ́ wo òkun láti ibẹ̀ ní láti kọ́kọ́ lọ wọ ọkọ̀ ní Challenge, kí ó sì jókòó sínú rẹ̀ títí dé Èkó. Ohun tí wọ́n ń rí láti orí àwọn ibùsùn gbọọrọ tí wọ́n tò sí etí adágún tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ ni ẹ̀yìnkùlé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ sí. Igi àgbọn mẹ́fà wà níbẹ̀, oníke ni gbogbo wọn, wáyà ni wọ́n sì fi so èso mọ́ wọn lórí. Iyanrìn tí wọ́n dà sílẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré. Òkúta wẹẹrẹ kún inú rẹ̀, nítorí náà àwọn àlejò tó bọ́ bàtà láti gbádùn etí òkun máa ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Ohùn òkun ń jáde láti inú agbohùn mẹ́rin. Òkun yẹn nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ọlánípẹ̀kun ló ni ibẹ̀. Ó ní kí gbogbo ènìyàn máa pe òun ní Kọ́módọ̀, oyè tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀gá ológun ojú omi, ó sì máa ń dé fìlà funfun tó ní ìdákọ̀ró wúrà níwájú. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tó wọ̀ rí ni ọkọ̀ apẹja kan ní Ẹlẹ́yẹlé. Àwọn apẹja tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà sọ pé ọwọ́ méjèèjì ló fi di etí ọkọ̀ mú títí wọ́n fi padà sí èbúté, àti pé ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹja àrọ̀ tí àwọn apẹja wọ̀nyí ń tà fún un náà ló ń gbé fún àlejò lórí àwo funfun, ó ní ẹja òkun ni.

Àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò sì mọ̀. Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lè ní àwọn lọ fi Ìbàdàn sinmi. Àwọn kan nínú wọn ń gbé níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ òkun gidi láti orí ibùsùn wọn. Wọ́n á fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n á rin ìrìn wákàtí mẹ́ta, wọ́n á wá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún tó gùn tó ìṣísẹ̀ méjìlá, wọ́n á sì máa bi Kọ́módọ̀ léèrè ìdí tí òkun rẹ̀ kò fi ní ìgbì.

Ìbéèrè yìí ló kó ìdààmú bá a. Ó ránṣẹ́ pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní Challenge, ó ní òun fẹ́ ìgbì. Ẹni àkọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ kan tó ń fa omi wá, ẹ̀rọ náà ń pọ omi sókè bí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sín. Ẹnì kejì gbé èyí tó tóbi jù ú lọ wá. Ẹnì kẹta ni Bọ́láwárìn, alága ẹgbẹ́ wọn fúnra rẹ̀. Òun gbé èyí tó tóbi jù lọ ní gbogbo Challenge wá, pẹ̀lú páìpù tó nípọn tó itan. Nígbà tó tan iná sí i, omi gba orí ògiri kọjá, ó sì rin gbogbo aṣọ tí ìyàwó olùkọ́ sá. Adágún fúnra rẹ̀ kò mì. Agbára ni gbogbo wọn rò pé ìgbì jẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wo omi náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Fadékẹ́mi ní ìdí tó fi ń wò ó. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní Challenge, kò sì ní pátákó. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé ẹni tí kò bá gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbé pátákó kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ Fadékẹ́mi. Àwọn ẹ̀rọ tó ti kú ló ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó ń tú wọn palẹ̀ lórí àpò, ó ń wo ohun tó pa wọ́n, ó ń tún wọn tò títí wọ́n á fi tún mí. Nítorí pé kò ní pátákó, abẹ́ pátákó Alága ló ń jókòó ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tó bá tún ṣe, Alága ni oníbàárà máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Alága á sì dáhùn pé kò tọ́pẹ́.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá, ó tún bẹ̀bẹ̀ fún pátákó. Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Alága ní ó dára. Ó ní bó bá lè mú kí omi Bódìjà dìde, ẹgbẹ́ yóò fún un ní fírídọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e, bí kò bá sì lè ṣe é, kí ó má tún la ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ pátákó mọ́ láyé. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ sí i. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ohun tí Fadékẹ́mi mọ̀, gbogbo ẹni tó bá ti fi orí ru omi láti kànga wálé ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹsẹ̀ ẹni bá ṣe déédéé pẹ̀lú bí omi ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú garawa, omi á máa ga sí i títí yóò fi dà síni lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi ń já ewé sí ojú omi, tàbí kí wọ́n yí ìṣísẹ̀ wọn padà lójijì. Omi tó bá wà nínú nǹkan ní àsìkò tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ àsìkò náà kò nílò agbára.

Ó gba pákó gbọọrọ kan lọ́wọ́ káfíńtà, ó sọ̀kalẹ̀ sí apá tó jìn nínú adágún náà títí omi fi mù ún dé àyà, ó sì fi pákó ti omi lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró, ó ń kà. Omi lọ kan iyanrìn lódì kejì, ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ka ẹẹ́fà. Ó tún un ṣe ní ìgbà ogún, nítorí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́ ní kíá ni. Ẹẹ́fà náà ni. Ìyẹn ni pé ìgbà mẹ́wàá péré ni nǹkan ní láti ti omi náà láàárín ìṣẹ́jú kan, kò gbọdọ̀ yá jù bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ falẹ̀.

Ní Challenge, ó rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, èyí tí ẹnìkan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ti pa tì. Ikùn rẹ̀ ti jẹrà, àmọ́ àwọn irin eléyín tó ń dín ìyára rẹ̀ kù ṣì le. Ó gé ikùn náà sọ nù, ó fi apá irin kan sí ipò rẹ̀. Ó ní kí wẹ́dà jó dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin pọ̀ mọ́ra, kí ó dí ẹnu wọn pa, ó sì so wọ́n mọ́ apá irin náà, kí ó lè máa tẹ̀ wọ́n bọ omi, kí ó sì máa fà wọ́n yọ. Ẹ̀rọ iná tó fi ń yí gbogbo rẹ̀ kò tóbi ju èyí tí wọ́n fi ń lọ ata lọ. Bẹ́líìtì ló gba agbára láti ara rẹ̀ dé ara àgbá yíyí kan. Ó ṣe àgbá náà ní méjì, ńlá àti kékeré, kó lè mọ èyí tó bá àsìkò omi mu. Ó dán kékeré wò, ó yára jù. Ó dán ńlá wò, ìgbà mẹ́wàá gẹ́ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jókòó tì í, ó sì kàn ń wò ó bó ṣe ń yí, láìtíì gbé e dé etí omi rárá.

Kọ́módọ̀ wá wo iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n gbé e dé sẹ́yìn ògiri pákó tí wọ́n fi bò ó lójú àlejò. Ó fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré náà, ó ní ṣé èyí tí yóò gbé òkun sókè nìyí. Ó ní èyí tí Alága gbé wá tó ọmọ màlúù. Fadékẹ́mi ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹ̀rọ yẹn sì ti bá aládùúgbò fọ aṣọ. Ọkùnrin náà wá bi í bóyá àwọn lè da àpò iyọ̀ mélòó kan sínú omi, kí adùn rẹ̀ lè jọ ti òkun. Ó ṣàlàyé fún un pé iyọ̀ yóò jẹ irin dúrọ́ọ̀mù. Kọ́módọ̀ ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n dà á sí i ní ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀ nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n mú fún ìfilọ́lẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Àwọn àlejò dé, wọ́n wọ ṣòkòtò penpe aláwòrán òdòdó, wọ́n dé fìlà koríko, wọ́n fi awò dúdú bo ojú bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti fẹ́ lọ. Alága Bọ́láwárìn náà wá pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ méjì, wọ́n wọ agbádá, wọ́n jókòó sí ìsàlẹ̀ igi àgbọn oníke bí ẹni tó wá gbọ́ ẹjọ́. Fadékẹ́mi lọ sẹ́yìn ògiri pákó, ó tan iná.

Dúrọ́ọ̀mù wọ omi, ó jáde. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni rí ju pé ojú omi ń yọ́ sókè sódò. Lẹ́yìn náà ni omi gun iyanrìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Ó padà. Ó tún gun ún ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì. Kó tó di pé ìṣẹ́jú méjì pé, ìgbì tó ga tó orókún ń dìde láti apá tó jìn, ó ń tẹ síwájú, ó ń ya lulẹ̀ lórí iyanrìn, ó sì ń padà pẹ̀lú ariwo tirẹ̀. Àmínà sáré lọ pa agbohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn àlejò dìde. Ẹ má rò pé wọ́n dìde láti wo ìgbì náà. Gbogbo wọn ló kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n na fóònù sókè, wọ́n sì ń ya ara wọn. Ìgbì tí ẹnìkan fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá àsìkò rẹ̀, ìdí ni wọ́n kọ sí i.

Kọ́módọ̀ tún fìlà rẹ̀ tò, ó sì mú gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbì tí ẹ̀ ń wò yìí, Dùbáí ló ti wá. Ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága Bọ́láwárìn pàtẹ́wọ́ pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ó dìde, ó rìn wá bá Fadékẹ́mi lẹ́yìn ògiri, ó sì rọra tún agbádá rẹ̀ dá sí èjìká.

"Ìwọ náà gbọ́ ohun tí ẹni tó ni ibí sọ. Dùbáí ni. Ẹgbẹ́ ò lè fún ọ ní fírídọ́ọ̀mù lórí iṣẹ́ àwọn ará Dùbáí, àbí ó ṣeé ṣe?"

Ibi tí Alága dúró sí, ojú rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, níbi tí orúkọ oníbúlọ́ọ̀kù Challenge ṣì wà gàdàgbà pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ó kà á. Ó gbé ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Fadékẹ́mi wí.

Ó pa iná. Ó yọ bẹ́líìtì, ó fi í kọ́ ọrùn, ó lọ jókòó sídìí káńtà, ó sì ní kí Àmínà fún òun ní omi tútù. Ìgbì náà kò dúró lójú ẹsẹ̀. Ó tún gun iyanrìn nígbà mélòó kan, ó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí omi fi tẹ́jú pẹrẹsẹ bíi ti inú àwo. Àwọn tó ń ya àwòrán yíjú padà, ó sì wá jẹ́ pé ìgbà yẹn ni wọ́n tó wo omi náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kọ́módọ̀ yára dé ìdí káńtà. Ó ti ṣí fìlà.

"Ìyá Ìrẹ̀mídé, omi ti dúró."

"Mo rí i."

"Ẹ bá mi ṣe nǹkan sí i, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ pe Dùbáí, ọ̀gá. Àwọn ló ni ín."

Àmínà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ káńtà bí ẹni ń wá ìdérí ìgò. Alága gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ní kí Kọ́módọ̀ fọkàn balẹ̀, pé ohun tí obìnrin bá so, ọ̀gá yóò tú u. Ó na ọwọ́ sí Fadékẹ́mi fún bẹ́líìtì. Fadékẹ́mi yọ ọ́ lọ́rùn, ó fún un.

Alága àti àwọn méjì náà ká agbádá wọn, wọ́n lọ sẹ́yìn ògiri. Wọ́n wo àgbá ńlá, wọ́n wo àgbá kékeré. Wọ́n rí i pé kékeré ni yóò mú nǹkan náà yára, èyí sì ni wọ́n yàn, nítorí lójú tiwọn ohun tó bá yára ló lágbára. Wọ́n tan iná. Dúrọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í lu omi bí ẹni tó ń fọ aṣọ pẹ̀lú ìbínú. Omi kò lọ síbì kankan. Ó ń gbọ̀n, ó ń hó bí ọbẹ̀, ó ń ta sí ara àwọn tó wà nítòsí. Ó ta sínú ọtí ẹnìkan. Ó ta sí fóònù obìnrin kan tó wá láti Èkó, obìnrin náà sì bi Kọ́módọ̀ bóyá bí òkun Dùbáí ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Alága jáde, agbádá rẹ̀ ti rin láti àyà dé ìsàlẹ̀, ó ní ẹ̀rọ náà kéré ni, pé bí wọ́n bá lè rí èyí tó tóbi.

Kọ́módọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Ó tún padà sí ìdí káńtà, ó ní kí Fadékẹ́mi sọ ohun tó bá fẹ́.

"Ohun tí ẹ fi sọ ti Dùbáí, ẹ fi í sọ tèmi. Kí ẹ pe orúkọ mi pé."

Ọkùnrin náà mú gbohùngbohùn bí ẹni tí wọ́n fún ní agbo kíkorò. Ó ní ó dà bíi pé àṣìṣe díẹ̀ wà nínú ohun tí òun sọ. Ó ní obìnrin kan láti Challenge, Fadékẹ́mi Adéróunmú, ló fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ìgbì náà. Ó tún fẹ́ fi kún un pé òun ló júwe bí yóò ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ó wo ojú obìnrin náà, ó sì gbé gbohùngbohùn sílẹ̀.

Fadékẹ́mi lọ sẹ́yìn ògiri. Ó dúró kí omi rọlẹ̀ pátápátá, nítorí kò sí ìwúlò nínú kí a bẹ̀rẹ̀ lórí omi tó dàrú. Ó gbé bẹ́líìtì sórí àgbá ńlá, ó tan iná. Ìgbì gun iyanrìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì, mẹ́ta. Ní ìṣẹ́jú kẹta, ó gbé bàtà àwọn àlejò mẹ́rin lọ, ó sì kó wọn wá fún wọn padà. Àwọn tó ni bàtà ti kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ti na fóònù wọn sókè.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹgbẹ́ pàdé ní Challenge. Akọ̀wé ka ohun tó kọ ní ìpàdé tó kọjá, kò sì sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Wọ́n mú ìwé fírídọ́ọ̀mù jáde. Alága kọ orúkọ Fadékẹ́mi sí i, ó dé ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọ̀gá tó kọ́ni níṣẹ́, ó sì gbé bírò sókè. Ó ní nítorí ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti jọ wà, kò sí ohun tó burú bí òun bá fi orúkọ òun síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ fa ìlà sí i."

Ó fa ìlà sí i. Ó buwọ́ lu ìwé náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé pátákó rẹ̀ kọ́, lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ aró: FADÉKẸ́MI ADÉRÓUNMÚ, ẸLẸ́RỌ OMI. Àṣà ẹgbẹ́ ni pé kí alága kan ìṣó àkọ́kọ́. Alága gun àkàbà, ó kàn án, ó kàn án ní wíwọ́. Fadékẹ́mi dúró kí ó sọ̀kalẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gun òkè, ó yọ ìṣó náà, ó sì tún un kàn.